Àpótí Bàbá Àgbà

Lánàá, Màmá mi ṣí àpótí bàbá wọn. Inú aṣọ òfì la ti bá ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà tí wọ́n fi dá wọn lọ́lá lẹ́yìn ogun Bọ́mà. Áà, Bàbá mi àgbà! Ọdún 1944, àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, Ìpín 81 àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù la igbó já, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Màmá ní bí òjò bá ń rọ̀ lóru, Bàbá kì í sùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí. Ìyá àgbà á gbé àga ti wọn náà wá, wọn ò ní sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Òjò rọ̀ lálẹ́ àná. Mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, ìràwọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Mo gbé àga tèmi wá.