Ìbínú Tí Mo Pè Ní Ìbẹ̀rù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lọ ṣe nọ́ọ̀sì lábúlé, ọ̀kún o.

Ọdún kẹta mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsánlú, wọ́n kanlẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago 8 alẹ́. Obìnrin kan ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọkọ rẹ̀ ló fẹjọ́ mi sun ọba pé mò ń ta oògùn ìjọba. Irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ojú ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé wà níta, pé mo máa gbàdúrà sí i. Lóòótọ́, ojú ọ̀nà ò dáa. Ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà kankan. Mo jókòó, mò ń yí bọ́tìnì rédíò.

Ó tó wákàtí kan kí n tó gbé báàgì. Ìyá yè, ọmọ ò yè. Bóyá wákàtí yẹn ni, bóyá kì í ṣe òun, n ò lè sọ.

Inú ìjọ ECWA ni mo dàgbà sí. Odò ni wọ́n ti rì mí bọmi, màmá mi dúró létí odò pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, a sì jẹ ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí mo ń ka ìtàn àwọn Anabaptist, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ tó ní ẹni tó ti dàgbà, tó sì gbàgbọ́, nìkan ló yẹ kó ṣe ìrìbọmi, ni mo mọ̀ pé àwọn kan kú nítorí irú ìrìbọmi bẹ́ẹ̀. Ní Zurich, ní Switzerland, January 21, 1525, ni àwọn tó ti dàgbà nínú wọn kọ́kọ́ tún ìrìbọmi ṣe láàárín ara wọn. Nígbà tó di January 5, 1527, wọ́n ri Felix Manz, ọ̀kan nínú wọn, sínú odò Limmat títí tó fi kú.

Ti Dirk Willems, Anabaptist mìíràn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ló mú mi jù. Ní Asperen, ní Netherlands, ó fi àkísà tó so pọ̀ bí okùn sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tí wọ́n tì í mọ́, ó sì sáré gba orí omi tí òtútù ti mú dì. Ebi ẹ̀wọ̀n ti mú un rù, yìnyín gbé e. Ẹni tó ń lé e ò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín fọ́ mọ́ ọn nídìí. Dirk yí padà, ó fà á jáde. Ọkùnrin yẹn fẹ́ jẹ́ kó máa lọ, ṣùgbọ́n olórí ìlú kígbe pé kó rántí ìbúra rẹ̀. Wọ́n mú Dirk padà, wọ́n sì dáná sun ún ní May 16, 1569.

Ohun tí àwọn oníwàásù wa máa ń fò ni pé Dirk kọ́kọ́ sá. Ẹni tó ń wá ikú kì í jókòó so àkísà. Jésù náà ní bí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí yín ní ìlú kan, ẹ sá lọ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má gun ọ̀kadà jáde láti Kábà lóru kí wọ́n lè máa pè yín ní onígbàgbọ́. Ẹ pe àwọn ọdẹ kí wọ́n sìn yín. (Púpọ̀ nínú àwọn Anabaptist kì í gbé ohun ìjà, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn á bi mí léèrè ìbọn tí ọdẹ gbé lọ́wọ́. N ò tíì rí èsì fún un.)

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá wúwo, ẹ bi ara yín bóyá bí ìyàwó ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ ò ní lọ. Èmi ò bi ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọkọ obìnrin yẹn ṣì wà lábúlé. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà odò, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi.