Ìdí Ewéko Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Gbígbin Nǹkan Sílé

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ewébẹ̀ tàbí òdòdó sí àyíká ilé, ibi tí gbòǹgbò yóò máa gbé ni mo máa ń bi í léèrè kí n tó bèèrè irú ewéko tí ó wù ú. Ewé ni ojú ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wà: bí ó bá tutù yọ̀yọ̀, inú wa á dùn, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, a ó sáré gbé omi. Ohun tí mo ti wá mọ̀ ni pé kí ewé tó yí àwọ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà ti wà nídìí rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́, ẹni tí ó bá sì tún ìdí ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà lókè.

Oòrùn nìkan ni ó ṣáájú ilẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lò ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ mọ iye wákàtí tí oòrùn fi ń ràn sí i tààrà. Tòmátì, ata, ilá àti kúkúḿbà nílò bíi wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ kí wọ́n tó lè so dáadáa. Ewébẹ̀ tí a ń jẹ ewé rẹ̀ lè fara mọ́ wákàtí 4. Bí ibi tí ẹ ní bá jẹ́ abẹ́ òjìji, ẹ gbin ewé síbẹ̀, kí ẹ sì gbàgbé tòmátì, nítorí kò sí ajílẹ̀ tí ó lè rọ́pò oòrùn.

Ilẹ̀ wá kù. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ lásán láti àgbàlá, tí a rọ ọ́ sínú ìkòkò tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó máa ń ki mọ́ra bí a ti ń bomi rin ín, títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí àyè wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbòǹgbò ń mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, kò ní lè fa omi, kódà bí omi bá yí i ká. Fún ìdí èyí, mo máa ń po ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá mọ́ ajílẹ̀ tí a fi ewé àti èèpo oúnjẹ tí ó ti jẹrà ṣe, n ó sì fi yanrìn tí ó hóró díẹ̀ sí i kí ó lè fúyẹ́. Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí ohun èlò náà, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tí ilẹ̀ yóò tètè dí. Ní ti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ dà sí ìsàlẹ̀ kí omi lè tètè ṣàn lọ (mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn), èmi kì í lò ó. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú àlàfo ńláńlá tí ó wà láàárín òkúta. Orí òkúta ni ó máa ń dúró sí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti gbé ibi tí ó rin jù súnmọ́ gbòǹgbò, a sì ti tún gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyè yìí ṣe pàtàkì gan-an. Tòmátì kan ṣoṣo nílò ohun èlò tí ó gba bíi lítà 20. Ata lè fara mọ́ lítà 10 sí 12. Ẹfinrin àti àwọn ewé olóòórùn mìíràn kò ju lítà 3 sí 5 lọ. Àwọn ewébẹ̀ bíi tẹ̀tẹ̀ kò bèèrè ju kí ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ gan-an ni ẹ ti fẹ́ gbìn, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó fà á tán, kí ẹ tún pọn òmíràn sí i. Bí omi kejì yìí bá ṣì dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ kọ ebè gíga, kí ẹ sì gbìn sórí rẹ̀.

Omi ni ó ń pa ewéko àwọn olùbẹ̀rẹ̀ jù lọ, àpọ̀jù rẹ̀ sì ni mo ń sọ. Aládùúgbò mi kan pè mí wá wo ata rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ó ń bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní alẹ́. A fara balẹ̀ yọ ata náà pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pọ́n dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ó ti rọ̀, bí mo sì ti fi ìka méjì fà á ni èèpo rẹ̀ bó sí mi lọ́wọ́ tí ó ku okùn tín-ín-rín láàárín, tòun ti òórùn rẹ̀. Gbòǹgbò tí ara rẹ̀ dá máa ń funfun, ó sì máa ń le. Ohun tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé ewéko tí omi pọ̀ jù fún máa ń rọ gẹ́gẹ́ bí èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ ti máa ń rọ, wọ́n á sì tún bu omi sí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ tàbí aago ka ìgbà tí ẹ ó bomi rin ín. Ẹ ti ìka kan bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì: bí ilẹ̀ bá tutù, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó bá gbẹ, ẹ rọra da omi sí ìdí rẹ̀ títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó bá dúró sínú àwo nù. Omi díẹ̀díẹ̀ tí a ń wọ́n sí ojú ilẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti dúró sókè, níbi tí ooru yóò ti tètè bá a. Àárọ̀ ni ó dára jù, kí ewé tí omi bá ta sí lè rí àyè gbẹ, nítorí ewé tí ó tutù mọ́jú ni àrùn olú máa ń fẹ́. Bí mo bá ti bomi rin ín tán, mo máa ń fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, láìjẹ́ kí ó kan igi ewéko náà. Tòmátì tí ìdí èso rẹ̀ ń dúdú, tí ó sì ń jẹrà kí ó tó pọ́n, sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó ń rí omi lónìí tí kò rí i lọ́la: kálísíọ̀mù (èròjà kan tí ewéko ń fà láti inú ilẹ̀) ni èso náà kò rí gbà tó, omi ni ó sì ń gbé e lọ bá a.

Ní ti irúgbìn, ẹ má rì í jinlẹ̀ ju ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ. Hóró lẹ́tíùsì tilẹ̀ nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, nítorí náà ojú ilẹ̀ ni a máa ń wọ́n ọn sí. Hóró ilá, èmi máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú nítorí èèpo rẹ̀ le. Bí irúgbìn bá ti pẹ́ nílé, ẹ ká hóró 10 sínú bébà tí ó rin díẹ̀, kí ẹ sì wo iye tí yóò hù kí ẹ tó fi ilẹ̀ ṣòfò. Ti àlùbọ́sà kì í fi bẹ́ẹ̀ dára mọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Kárọ́ọ̀tì kò fẹ́ kí a ṣí òun nídìí lọ gbìn síbòmíràn rárá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ni a fẹ́ jẹ, bí a bá sì dà á láàmú, ńṣe ni yóò pẹ̀ka. Tòmátì ní tirẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀: mo máa ń já àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, n ó sì rì í títí dé ibi tí ewé tí ó kù ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara igi tí ilẹ̀ bá bò ni yóò yọ gbòǹgbò. Èyí tí ó bá hù nínú ilé gbọ́dọ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ kan mọ oòrùn àti atẹ́gùn níta, wákàtí díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí a tó fi í sílẹ̀ síta pátápátá.

Ajílẹ̀ inú àpò máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta lára, bí i 15-15-15. Èyí àkọ́kọ́ ni náítírójìn tí ń mú ewé dàgbà, ìkejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìkẹta ni pòtáṣíọ̀mù. Bí tòmátì yín bá ga, tí ó tutù, tí ó sì kọ̀ láti tanná, náítírójìn ni ó pọ̀ jù. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ó sì lè ní kòkòrò àrùn tí ń ṣe ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó lò ó.

Nínú àwọn ewé olóòórùn, mint gbọ́dọ̀ ní ìkòkò tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbòǹgbò rẹ̀ yóò gba gbogbo ebè. Rosemary àti thyme fẹ́ ilẹ̀ tí ó gbẹ díẹ̀. Ẹfinrin, ẹ máa já ṣóńṣó orí rẹ̀ kí ó tó tanná, yóò sì máa pẹ̀ka sí i. Bí kòkòrò wíwẹ́ bá ṣù mọ́ abẹ́ ewé, omi tí a tú sí i pẹ̀lú agbára díẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lò, ó sì sábà máa ń tó.

Òdòdó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán láàárín ewébẹ̀. Zinnia, cosmos àti marigold ń pe oyin, kúkúḿbà sì nílò oyin, nítorí òdòdó akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti abo. Èyí tí kúkúḿbà kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ ni abo. Bí oyin kò bá wá, ẹ já òdòdó akọ kan ní àárọ̀, ẹ bó ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi àárín rẹ̀ kan àárín abo. Òdòdó tí ó bá ti rọ, ẹ gé e kí ó tó di irúgbìn, ní òkè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra. Láàárín ewé méjèèjì yẹn ni ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ.