Ìrù Phage Kì Í Sọ Ìran Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́, fún Ẹ̀yin Àbúrò Mi Nínú Maikirobáyọ́lọ́jì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ọ̀rọ̀ phage ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn àwọn fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé bakitéríà ni wọ́n ń bá jà. Hándáòtù tí wọ́n fi kọ́ wa, tí púpọ̀ nínú yín ṣì ń kà, sọ pé ẹbí mẹ́ta ni phage oníìrù pín sí: Myoviridae tí ìrù rẹ̀ ń súnkì, Siphoviridae tí ìrù rẹ̀ gùn ṣùgbọ́n tí kì í súnkì, àti Podoviridae tí ìrù rẹ̀ kúrú. A há a sórí, a fi yege ìdánwò. Ní 2022, ICTV, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń pín fáírọ́ọ̀sì sí ẹbí-ẹbí, wọ́gi lé ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ló là mí lóye jù lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Àmọ́ ẹ mọ ara phage ná. T4, phage kan tó ń bá E. coli, bakitéríà inú ìfun, jà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Orí rẹ̀ onígun-igun gùn tó nǹkan bí 120 nanomítà (mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), inú orí yìí ni DNA, okùn tó gbé àṣẹ ìran rẹ̀, tó tó nǹkan bí 169,000 base pair (lẹ́tà méjì-méjì tó so pọ̀) ká jọ sí. Ìrù rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá oníhò, àpò tó lè súnkì ló bò ó. Nísàlẹ̀ ìrù ni pèpéle onígun mẹ́fà wà, ẹsẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà sì so mọ́ ọn. Bí ó bá kan bakitéríà, àwọn ẹsẹ̀ gígùn yìí ló kọ́kọ́ ń wá ibi tí wọn yóò dì mú. Bí èyí tó pọ̀ tó nínú wọn bá ti dì mú, àwọn ẹsẹ̀ kúkúrú tó ká sábẹ́ pèpéle á nà jáde, wọ́n á so phage mọ́ bakitéríà ṣinṣin. Pèpéle á yí padà, á dà bí ìràwọ̀. Àpò ìrù á súnkì títí kò fi ní tó ìdajì gígùn rẹ̀ mọ́, ọ̀pá inú rẹ̀ á sì gún awọ òde bakitéríà já. DNA á wọlé, orí òfìfo á kù síta. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hershey àti Chase ló fi T2, ìbátan T4, fi èyí hàn ní 1952: wọ́n fi sọ́fọ̀ (sulphur) onítàǹṣán sàmì sí purotéènì, wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítàǹṣán sàmì sí DNA, wọ́n wá fi bílẹ́ńdà gbọn phage kúrò lára bakitéríà. Púpọ̀ purotéènì wà níta, DNA ló ti wọlé.

Kì í ṣe gbogbo phage ló ní ìrù o. Phage M13 rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó sì máa ń jáde lára bakitéríà láìpa á. RNA, ìbátan DNA, ni phage MS2 ní, 3,569 lẹ́tà péré. Phi6 fi ọ̀rá bo ara, RNA rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí: bí ẹ bá da chloroform, kẹ́míkà tó ń tú ọ̀rá, sínú omi kòtò ìdọ̀tí tí ẹ fẹ́ wá phage nínú rẹ̀ kí bakitéríà inú rẹ̀ lè kú, phage tó ní ọ̀rá lára yóò bá a lọ, àwọn tó rí bí okùn pẹ̀lú, àti àwọn oníìrù kan pàápàá. Kí ẹ tó ṣí pílétì (abọ́ tí ẹ fi gbin bakitéríà) wò, ẹ ti yan ohun tí ẹ óò rí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ yín pé ẹ lò ó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ gbé phage lambda sẹ́gbẹ̀ẹ́ phage P22. Lambda ń bá E. coli jà, ìrù rẹ̀ gùn, ó rọ̀. P22 ń bá bakitéríà Salmonella jà, ìrù rẹ̀ kúrú. Ẹni tó bá wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù yóò ní wọn kò bára tan rárá, ẹbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka DNA wọn: bí àwọn jíìnì (apá DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) ṣe tò tẹ̀ léra jọra, ètò tí wọ́n fi ń pinnu bóyá kí wọ́n pa bakitéríà tàbí kí wọ́n sá pamọ́ sínú DNA rẹ̀ náà jọra. Wọ́n ti da àwọn méjèèjì pọ̀ ní láàbù, ó sì bí phage tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé bí phage méjì bá pàdé nínú bakitéríà kan, wọ́n lè gba DNA lọ́wọ́ ara wọn. Ìrù wà lára ohun tí wọ́n ń gbà.

Nítorí náà, DNA tàbí RNA ni wọ́n ń kà báyìí kí wọ́n tó pín wọn. Phage méjì tí DNA wọn bá mu ní ìdá 95 nínú 100, irú (species) kan náà ni wọ́n. Ẹbí Straboviridae ni T4 wà báyìí. Gbogbo àwọn oníìrù sì wà lábẹ́ Caudoviricetes. Ẹ ṣì lè kọ myovirus, siphovirus tàbí podovirus, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìrísí nìkan ló sì ń sọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Jíìnì májèlé tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kọ́lẹ́rà, inú phage kan tó rí bí okùn, tí wọ́n ń pè ní CTXphi, ló wà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Waldor àti Mekalanos ló fi hàn ní 1996. Ẹni tó bá fẹ́ fi phage wo aláìsàn gbọ́dọ̀ ka gbogbo jíìnì rẹ̀ tán kí ó tó fún un, àwòrán kò lè fi májèlé hàn án.

Ní 2014, inú DNA tí wọ́n kà láti inú ìgbẹ́ ènìyàn ni wọ́n ti tò crAssphage jọ lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan bí 97,000 base pair, láìsí ẹni tó tíì fojú rí i. Ó di 2018 kí wọ́n tó rí ọ̀kan nínú ìbátan rẹ̀ hù nínú Bacteroides, bakitéríà inú ìfun, ní láàbù, kí wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Ìrù rẹ̀ kúrú.