Ìwé Béèlì Tí Mò Ń Tẹ̀ ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù táípù àti fótókópì ni mo ní ní Kàbà, kò jìnnà sí kóòtù. Mi ò kàwé òfin, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ béèlì fún àwọn lọ́yà, láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń pariwo bí òjò orí páànù. Bí mo bá ń tẹ èyí tí adájọ́ máa dà nù, mo máa ń mọ̀.

Àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n mú ló máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi dúró de ìwé. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi kún un pé ọmọ yìí ò ṣe é, inú ilé Ọlọ́run la ti tọ́ ọ." Mo á ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ọjọ́ béèlì kọ́ ni adájọ́ máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Apá 36 nínú ìwé òfin 1999 ti sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi mú un. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé, bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ṣé yóò padà wá jẹ́jọ́, ṣé kò sì ní ba ẹjọ́ jẹ́ kó tó padà dé?

Òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ni àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ ń lò. Kogí náà ní tirẹ̀ tó jọ ọ́. Ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá ju ọdún 3 lọ, béèlì ló yẹ kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n fi kàn, àfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà láti rò pé yóò sá, yóò tún dá ọ̀ràn mìíràn, yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí tàbí yóò kó ẹ̀rí pamọ́. Bí ẹ̀sùn bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n lè torí rẹ̀ pani, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n mú ló gbọ́dọ̀ mú ohun àrà ọ̀tọ̀ wá: àìsàn tí dókítà ọsibítù ìjọba jẹ́rìí sí, tàbí kí ìwádìí àti ẹjọ́ ti falẹ̀ ju ọdún kan lọ, tàbí ìdí mìíràn tí adájọ́ rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kóòtù gíga nìkan ló sì láṣẹ. Owó tí àwọn èèyàn wa ń ná tọ májísíréètì lẹ́yìn lórí ẹjọ́ ìpànìyàn máa ń dùn mí. Kò lè fún wọn ní béèlì náà.

Ti àìsàn yìí ni àwọn adájọ́ máa ń fẹjú mọ́ jù. Gbólóhùn tí mo tẹ̀ jù láyé mi ni "ara ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò yá rárá." Kò tó. Ní 2002, nínú ẹjọ́ Mohammed Abacha, ọmọ Ọ̀gágun Sani Abacha tó ṣolórí ìjọba ológun, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ń ṣílẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ò lágbára àtitọ́jú rẹ̀. Bàbá kan wà tí wọ́n so ìwé kẹ́mísì mọ́ ti tirẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Adájọ́ dá a padà. Nígbà tí lọ́yà tún wá, lẹ́tà dókítà ìjọba ló mú wá, orúkọ oògùn wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé wọn ò ní in ní kíníìkì ọgbà. Ìwé yẹn ò ju ojú ewé kan lọ. Òun ló gba bàbá náà sílẹ̀.

Ti ẹlẹ́rìí náà le lọ́dọ̀ wa. Ní àwọn abúlé Bùnú tàbí Yàgbà, ibi tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti ń pọnmi ni ẹlẹ́rìí náà ti ń pọn ọ́n. Agbẹjọ́rò ìjọba á kọ ìyẹn sínú ìwé ìbúra tirẹ̀, á ní ọmọ yìí á lọ halẹ̀ mọ́ wọn. Lọ́yà tó bá gbọ́n kì í jiyàn. Á ní ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wà ní Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ni kó máa gbé, kó má tẹ abúlé títí ẹjọ́ á fi parí.

Kì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan ni wọ́n ń fi béèlì dù. Ní 2001, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ kọ̀ ti Ọ̀gágun Ishaya Bamaiyi, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà kan, lórí ẹ̀sùn pé ó gbìyànjú láti pa Alex Ibru tó ni ìwé ìròyìn The Guardian. Wọ́n ní bí ẹ̀sùn ṣe wúwo tó, bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó àti ìyà tó wà níwájú wà lára ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò, torí ẹni tí ìyà ńlá ń dúró dè ló máa ń fẹ́ sá. Ní 2008 ni kóòtù kan ní Èkó ní kò jẹ̀bi. Ẹ ro iye ọdún tó wà láàárín wọn. Lọ́dọ̀ wa náà, àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ pọ̀: nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà níbí ní oṣù kẹsàn-án 2021, èèyàn 294 ló wà níbẹ̀, 224 nínú wọn ni wọn ò tíì dájọ́ fún.

Bí adájọ́ bá sì fún un tán, ọ̀rọ̀ onídùúró ṣì kù. Wọ́n á ní kó mú èèyàn méjì wá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó níwèé. Oko kòkó bàbá wa pọ̀ lóòótọ́, ta ló gba ìwé ìjọba lórí wọn? Béèlì á ti jáde, ọmọ á ṣì wà nínú ọgbà. Òfin ní kí kóòtù má fi ohun tó pọ̀ jù dè é, nítorí náà lọ́yà lè padà lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé obìnrin kúrò níbẹ̀. ACJA ti ní wọn ò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Ẹ mú ìwé ìsanwó-oṣù rẹ̀ àti fọ́tò pasipọ́ọ̀tù dání, kí ẹ sì tètè dé, torí iná kì í dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn aago méjì.