Ọkàn Mi Bọ́ Kí Èsì Tó Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ bá mi dúpẹ́, nítorí ohun tí ojú mi rí kì í ṣe kékeré.

Jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Ẹni tó bá ti gba kẹ́mò rí á mọ̀ ọ́n. Oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i ni, kì í sì í ya ti jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti gbòǹgbò irun àti ti inú ẹnu. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń di egbò. Gbogbo ìyẹn, ara gbà á mọ́ra. Dídúró de èsì àyẹ̀wò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bí nọ́ọ̀sì bá ń bọ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń wò: bó bá rẹ́rìn-ín, mo ti là, bó bá dákẹ́, mo ti kú. Wọ́n á ní kókó náà ti súnkì, inú mi á dùn. Ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí àyà mi á ti máa já pé bó bá tún wú ńkọ́.

Lóru ọjọ́ kan, ó sú mi. Kì í ṣe ayé ló sú mi o, ìdúró yẹn ni. Mo wá rí i pé ìrètí tí mo dì mú gírígírí yẹn gan-an ló ń bọ́ ìbẹ̀rù. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù tó kú lọ́dún 65 lẹ́yìn ìbí Kristi, ti sọ ọ́ tipẹ́: ó ní ìrètí àti ìbẹ̀rù dà bí ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà ló so wọ́n pọ̀. Mo ní, "Olúwa, mi ò dúró de ìwòsàn mọ́, mi ò sì sá fún ikú mọ́. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe." Oorun gbé mi lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò jáwọ́ nínú oògùn, mi ò pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ. Ẹni tó sọ̀rètí nù ti gbà pé ibi ló ń bọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bẹ níbẹ̀. Èmi ò pinnu ire, mi ò pinnu ibi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀, a máa sọ ìtàn ìgbà èwe wa. Ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ tipẹ́, àmọ́ ìgbà yẹn ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, a sì jọ rẹ́rìn-ín dòru.

Wọ́n ti sọ fún mi pé wọn ò rí jẹjẹrẹ lára mi mọ́. Mo dúpẹ́, ọpẹ́ mi ò lópin. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní èsì yẹn ò dára, ẹ̀rí yìí náà ni ǹ bá ṣì jẹ́. Wọ́n ṣì ń pè mí fún àyẹ̀wò, mo sì ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de èsì tiyín lọ́wọ́, mo ń fi orúkọ yín sínú àdúrà. Kí Olúwa wò yín sàn, kó sì tú ọkàn yín sílẹ̀ kí fóònù yẹn tó dún. Halelúyà!