Roscoe Brady àti ọ̀rá tó kọ̀ tí ò kúrò lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ka biochemistry rí, ìyẹn ìmọ̀ nípa kẹ́míkà inú ara, ẹ máa mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rá ṣe máa ń sú èèyàn, ọfà lọ síbí, ọfà lọ sọ́hùn-ún, orúkọ ẹ́ńsáìmù (àwọn èròjà tó ń bá ara tú nǹkan ká tàbí ṣe nǹkan) tó gùn bí ọjọ́ ebi, tẹ́ ẹ bá sì ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò báyìí, gbogbo ẹ̀ ti fò lọ nìyẹn. Roscoe Brady, dókítà olùwádìí ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà padà wọ̀ mí lọ́kàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin yẹn dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè tó dà bíi pé kò tiẹ̀ le: ọ̀rá tó ń kó jọ sára àwọn tó ní àìsàn Gaucher, ṣé ara ló ń ṣe é jù ni àbí ara ni ò lè tú u ká?

Wọ́n bí Brady ní Philadelphia lọ́dún 1923, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Harvard, ó parí ní 1947, ó wá lọ ṣe ìwádìí ní University of Pennsylvania lórí bí ara ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rá. Ní 1954 ó bọ́ sí NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Bethesda, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Àìsàn tó gbájú mọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Gaucher. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Philippe Gaucher ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1882, ó rí aláìsàn tí spleen ẹ̀ (ẹ̀yà inú ikùn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) wú kọjá ààlà, ó rò pé jẹjẹrẹ ni. Àwọn tó ní i, inú wọn á yọ síta nítorí spleen àti ẹ̀dọ̀ tó wú, ẹ̀jẹ̀ inú ara wọn á dín kù, díẹ̀ báyìí ara wọn á dáranjẹ̀, egungun á máa ro wọ́n, ìgbà míì á kàn kán láìjẹ́ pé wọ́n ṣubú. Nígbà tó fi máa di 1934, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rá tó ń jọ síbẹ̀ ni glucocerebroside, ọ̀rá tí ṣúgà glucose so mọ́ lára. Wọ́n mọ ohun tó ń jọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìdí tó fi ń jọ, ó sì tó ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí iṣẹ́ Brady ti dùn mọ́ mi jù rèé o. Lákọ̀ọ́kọ́, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ gba ìrẹ́pẹ́ spleen tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ lára aláìsàn, wọ́n fún un ní ṣúgà tí wọ́n ti sàmì sí, wọ́n wò ó bóyá ọ̀rá yẹn ń jáde jù. Kò jáde jù, bó ṣe yẹ kó jáde náà ló ń jáde. Ó dáa, a jẹ́ pé ibi títú u ká ni wàhálà wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi hàn? Ó gbọ́dọ̀ ní glucocerebroside tí carbon-14, ìyẹn carbon tó ń tú ìtànṣán jáde, wà lára ẹ̀ níbi pàtó téèyàn mọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sì sí lọ́jà nígbà yẹn. David Shapiro ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì ló mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó pọ̀, àjọṣe tí wọ́n ní ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Tí wọ́n bá fi sínú ìrẹ́pẹ́ spleen ẹni tí kò ní àìsàn, ẹ́ńsáìmù kan á gé ṣúgà yẹn kúrò, wọ́n á sì ka ìtànṣán tó ń tinú ṣúgà tó já kúrò jáde. Nínú ti aláìsàn, díẹ̀ báyìí ni ohun tó já. Ẹ́ńsáìmù náà ni glucocerebrosidase. 1964 ni wọ́n rí i, 1965 ló jáde nínú ìwé ìwádìí.

Ọ̀rá náà kì í ṣe ti oúnjẹ o, èèyàn pọ̀ tó máa ń rò bẹ́ẹ̀. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ló ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní macrophage ló ń gbé wọn mì, bí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò, ẹ wá wò ó ná kí wọ́n máa kó o wọlé lójoojúmọ́ kí wọ́n má rí ibi dà á sí.

Lẹ́yìn ìyẹn Brady lo ọgbọ́n kan náà fún àwọn àìsàn méjì míì tí ọ̀rá ti ń jọ sára, Niemann-Pick ní 1966 àti Fabry ní 1967, ó rí ẹ́ńsáìmù tó sọnù nínú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn nìkan ti tó fún ẹlòmíì láti fi gba àmì ẹ̀yẹ kó sì jókòó.

Ṣùgbọ́n Brady ò jókòó, òun ní kí wọ́n dá ẹ́ńsáìmù Gaucher náà padà fún aláìsàn. Inú ibi ọmọ tí ilé ìwòsàn máa ń dà nù ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fà á sí iṣan èèyàn méjì, ní 1974 wọ́n sọ ọ́ síta pé ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn méjèèjì dín kù ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo èèyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lásán ló ń gbà á mì, macrophage tó nílò ẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n wá rí i pé macrophage ní ohun kan lára tó ń di ṣúgà mannose mú, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ṣúgà tó bo ẹ́ńsáìmù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí mannose fi yọ síta. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló gbé iṣẹ́ náà dé ilé, mo sì rò pé àwa èèyàn kì í fún un ní ìyìn tó yẹ.

Àwọn èèyàn 12 ni wọ́n fi yẹ oògùn náà wò, ẹ̀jẹ̀ inú ara wọn pọ̀ sí i, spleen wọn sì sún kì, ìjọba Amẹ́ríkà wá fọwọ́ sí i ní 1991. Ní 1994 èyí tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ṣe nínú láàbù jáde, wọn ò nílò ibi ọmọ mọ́. Ọdún 27 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n rí ìdí àìsàn náà àti ìgbà tí oògùn fi dé, bẹ́ẹ̀ oògùn náà gbówó lórí gan an, títí dòní ni wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹ̀. Kò lè gba ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kọjá, torí náà àwọn ọmọ tó ní irú Gaucher tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ò rí ìrànlọ́wọ́ lórí ìyẹn. Brady kú ní 2016, ẹni ọdún 92 ni.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé jíìnì kan náà tó ń fa Gaucher, tí èèyàn bá gba ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá, kò ní ní Gaucher, ṣùgbọ́n ewu pé kó ní Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, nígbà tó bá dàgbà á pọ̀ sí i. Àwọn tó ń wádìí Parkinson ti wá dé ìdí ọ̀rá yẹn báyìí, wọ́n ń wá oògùn tó máa ta ẹ́ńsáìmù kan náà jí nínú ọpọlọ.