Ìyanu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lójoojúmọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé kí ẹnu tó lè yà wọ́n dáadáa, àfi kí wọ́n rìnrìn àjò dé ẹsẹ̀ òkè ńlá kan, tàbí kí wọ́n lọ dúró síbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti òkè gíga. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyanu tó ń mú ọkàn fúyẹ́ wà nínú ọjọ́ tí kò sí nǹkan àrà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà láti máa wò ó á rí ìsinmi kan tí oorun nìkan ò lè fún un.

Ìgbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Owó ńkọ́? Oògùn ńkọ́? Ṣé ara yìí á yá ṣá? Ta ni yóò dúró tì í lọ́la? Ìrònú kan náà á máa yí po lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò sọ pé ìṣòro náà kéré o. Ṣùgbọ́n bí ìṣòro bá ti gba gbogbo ojú, kò sí ohun mìíràn tó lè ráyè wọlé, títí kan ìrànlọ́wọ́ pàápàá.

Lóru ọjọ́ kan, mo wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan wọlé láti yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pa dà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Kò mọ̀ pé mo lajú. Kó tó fọwọ́ kan ìyá mi, ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá tẹ̀ ba létí ìyá mi, ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ yí yín sápá òsì o. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti dì yín mú." Ìyá mi ò lè fèsì nígbà yẹn, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá wọn dúró sí ọsibítù. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì náà bá sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ díẹ̀, á fún wọn láyè èsì, kó tó sọ òmíràn. Nígbà tó parí, ó tún aṣọ ìbora wọn ṣe, ó rí i pé ó bo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, ó sì gba ọ̀dọ̀ aláìsàn mìíràn lọ.

Orí mi wú. Omi lé ròrò sójú mi. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa yìn ín, ẹni tó sì ń ṣe é fún lè má rántí ẹ̀ láéláé. Fún ìgbà díẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, mo gbàgbé ara mi pátápátá. Nígbà tí ìrònú mi pa dà dé, kò wúwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá kọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Dacher Keltner, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, àti Jonathan Haidt sọ pé ohun méjì ló máa ń pàdé kí ìyanu tó gbé èèyàn. Àkọ́kọ́, ohun tá a rí tóbi jù wá lọ. Èkejì, òye tá a ní tẹ́lẹ̀ ò lè gbà á, ó sì di dandan kí ọkàn wa ṣí àyè tuntun fún un. Títóbi tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti gíga àti fífẹ̀ nìkan. Ọjọ́ orí àpáta wà níbẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ onílù wà níbẹ̀, inú rere ẹ̀dá náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Keltner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn nǹkan bíi 2,600 jọ láti orílẹ̀-èdè 26, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó yà á lẹ́nu jù. Kì í ṣe òkè, kì í ṣe òkun ló ṣíwájú. Inú rere, ìgboyà àti ìfaradà àwọn ẹlòmíì ló ṣíwájú. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo kàn mi orí ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èmi á ní ẹ máa wo èèyàn. Ẹ wo ọkùnrin tó ń mú bàbá rẹ̀ arúgbó sọdá títì, bó ṣe dín ìrìn tirẹ̀ kù kó lè bá ẹsẹ̀ bàbá mu. Ẹ wo olùkọ́ tó ṣàlàyé nǹkan kan náà fún ọmọ kan náà títí ojú ọmọ náà fi mọ́lẹ̀. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ níwájú wa. Ìkánjú ni kì í jẹ́ ká rí i.

Ohun tó jinlẹ̀ jù lójú mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyanu máa ń sọ èèyàn di kékeré, tí kíkéré náà á sì tu èèyàn lára. Ẹ jẹ́ kí n là á, torí ó rọrùn láti ṣì í gbọ́. Bí ẹnì kan bá fojú tín-ín-rín wa, tó dójú tì wá láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, a máa ń kéré lójú ara wa. Àmọ́ kíkéré yẹn kì í jẹ́ ká gbàgbé ara wa. Ara wa náà la ó máa rò ṣáá: kí ni wọ́n ń sọ nípa mi, báwo ni mo ṣe rí lójú wọn? Ti ìyanu yàtọ̀. Kì í tẹ́ ẹnikẹ́ni. Ayé ló máa ń fẹ̀ sí i lójú wa, tí àwa àti wàhálà wa á wá gba ìwọ̀n àyè tó tọ́ sí wa nínú rẹ̀. Àìsàn ìyá mi ò lọ lóru ọjọ́ yẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo rí i pé àwọn nǹkan mìíràn tún wà láyé pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n dára, tí wọ́n sì lágbára.

Ní ọdún 2015, Paul Piff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sídìí àwọn igi yukalíptọ́ọ̀sì ní ọgbà yunifásítì ní Berkeley, igi tó ga ju 60 mítà lọ. Wọ́n ní kí àwọn kan gbójú sókè wo igi náà fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn yòókù dúró síbì kan náà, ṣùgbọ́n ilé gíga kan ni wọ́n ní kí wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń darí wọn da báírò sílẹ̀, bíi pé ó ṣèèṣì. Àwọn tó wo igi bá a ṣa báírò ju àwọn tó wo ilé lọ. Ìṣẹ́jú kan péré o! Ojú tó kúrò lára ara ẹni tètè máa ń rí ìnira ẹlòmíì.

Virginia Sturm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ṣe tiwọn pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Gbogbo wọn ló rìn, àmọ́ apá kan nìkan ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n máa wá ohun ìyanu bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa ya fọ́tò ara wọn. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àwòrán àwọn tó ń wá ìyanu ń kéré sí i nínú fọ́tò tiwọn, ohun tó wà lẹ́yìn wọn ń gba àyè sí i, ẹ̀rín ẹnu wọn sì ń gbilẹ̀. Wọ́n tún sọ pé inú rere àti ìdùnnú àwọn pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ayé wọn.

Èmi náà ti sọ irú ìrìn yẹn dàṣà. Mo máa ń pa ohùn fóònù, kí n fi sápò. Mo lè gba ọ̀nà tí mi ò gbà rí, mo sì lè gba ọ̀nà tí mo mọ̀ dáadáa, kí n máa wò ó bí àlejò ṣe máa ń wo ìlú onílùú. Mo kọ́kọ́ máa ń wo ohun tó tóbi jù níbẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀run lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá ohun tó kéré jù tí ojú mi lè rí, kí n sì dúró tì í.

Aláǹtakùn kan ló jẹ́ kí n mọ bí dídúró tì í yẹn ṣe ṣe pàtàkì tó. Ó ń ta òwú rẹ̀ sí igun fèrèsé mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ti na àwọn òwú gbọọrọ láti àárín lọ sí etí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń fi òwú mìíràn yí i ká bọ̀ lóde, èyí tí kì í lẹ̀, tó kàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà iṣẹ́. Nígbà tó dé etí, ó yí pa dà, ó ń bọ̀ wá sáàárín, ó ń ta òwú tó ń lẹ̀, ó sì ń ká òwú iṣẹ́ yẹn kúrò bó ṣe ń lọ. Á na ẹsẹ̀ kan kan òwú tó ti ta, á fi wọn àyè, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fa òwú jáde, á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún sún síwájú. Àyè tó wà láàárín wọn dọ́gba bíi pé rúlà ló fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ojú irú aláǹtakùn yẹn ò ríran tó nǹkan. Ẹsẹ̀ ló fi ń mọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn sì máa ń jẹ òwú àná, kí wọ́n tó ta tuntun. Bí mo bá wò ó fìrí ni, ìdọ̀tí lásán ni mi ò bá pè é.

Mo máa ń gbọ́ táwọn kan ń sọ pé téèyàn bá ti mọ ìdí nǹkan, ìyanu rẹ̀ ti tán nìyẹn. Rárá o. Ìmọ̀ ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Oòrùn tó ń ta sí wa lára láàárọ̀ ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkàn tó ń lù kìkì láyà àgbàlagbà máa ń lù tó nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́, láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ rán an létí. Bí mo ṣe mọ èyí, dídi ọrùn ọwọ́ ìyá mi mú láti gbọ́ bó ṣe ń lù di nǹkan mìíràn sí mi. Ẹ ka ohun kan nípa ohun tẹ́ ẹ ń rí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ pa dà lọ wò ó.

Ìyanu ń ṣe ara náà láǹfààní. Nínú ìwádìí kan tí Jennifer Stellar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2015, àwọn tó ń nírìírí ìyanu ju àwọn ẹlòmíì lọ ní ìwọ̀n tó kéré nínú èròjà interleukin-6, èyí tí ara máa ń tú jáde bó bá ń gbógun ti àrùn tàbí ọgbẹ́, àmọ́ tí kì í dáa kó pọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ò sọ ìyanu di oògùn o. Àwọn nǹkan méjèèjì kàn ń rìn pọ̀ ni. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá ti dè mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà. Ní ti àkókò, Melanie Rudd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2012 pé àwọn tí ìyanu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé máa ń rò pé àyè ṣì wà fáwọn, wọ́n sì máa ń fẹ́ láti yọ̀ǹda àkókò wọn fún ẹlòmíì. Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ tí mo bá ti dúró wo nǹkan kan dáadáa, ọjọ́ náà kì í sáré mọ́ mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá mú ara wa ṣe gìrì ló ń tuni lára. Àgbàrá, ìjì, tàbí ọkùnrin alágbára tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó jìnnìjìnnì bá èrò, gbogbo wọn lè sọ wá di kékeré, ṣùgbọ́n ìpayà ló máa ń kù sára lẹ́yìn wọn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnu máa yà yín sí òun nìkan. Ìyanu tí mò ń sọ kì í gba làákàyè lọ́wọ́ èèyàn. Ìbéèrè ló máa ń pọ̀ sí i.

Fún ẹni tí ipò rẹ̀ ò jẹ́ kó lè jáde rìn, bíi tèmi nígbà tí mò ń tọ́jú ìyá mi, orin dára púpọ̀. Ẹ yan èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ kọ. Ẹ má fi ṣe ariwo abẹ́lẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa iná, kẹ́ ẹ jókòó. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ lé ohùn kan ṣoṣo, ohùn ìsàlẹ̀ ló dáa jù, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ tún un gbé sí i, kẹ́ ẹ wá fetí sí gbogbo wọn pọ̀, bí wọ́n ṣe ń yà fún ara wọn, tí wọ́n sì ń gbe ara wọn. Bí ara yín ò bá dáhùn lọ́jọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbìyànjú orin mìíràn lọ́la.